Àpótí Ìwomi fún Ẹni tí Ó Ń Sin Ẹja

Àwọn tí ń sin ẹja ní ìgbèríko Ìbàdàn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àkókò yìí tí ó fi jẹ́ pé, bí ènìyàn bá rìn láti Mọníyà dé Akínyẹlé, tàbí tí ó gba Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Lálúpọn ní ilẹ̀ Lágelú, tàbí tí ó ti Ẹgbẹ́dá kọjá lọ sí Ẹrunmu, tàbí tí ó yà sí Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, kò ní ṣàì rí adágún tí a gbẹ́, tàbí ìkùdù tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́, tàbí táǹkì oníke ńlá lẹ́yìn ilé. Àrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sìn, epìyà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó gbin àgbàdo a máa rí àgbàdo rẹ̀ lójoojúmọ́: bí ewé rẹ̀ bá pọ́n, ó rí i; bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, ó rí i. Ẹni tí ó ń sin adìẹ a máa ka adìẹ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sin ẹja ti fi owó rẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ ohun kan tí ojú kò lè wọ̀. Nígbà tí ó bá dúró ní etí omi, ohun tí ó ń rí ni sánmà, àti ẹ̀ka igi, àti ojú òun fúnra rẹ̀.

Láti inú àìrí yìí ni àdánù púpọ̀ ti ń wá. Òkú ẹja kì í sábà léfòó ní kété tí ó bá kú. A máa kọ́kọ́ rì sí ìsàlẹ̀, títí ìdíbàjẹ́ yóò fi fi afẹ́fẹ́ kún ikùn rẹ̀ tí yóò sì gbé e sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí òkú mẹ́ta lójú omi ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó lè jẹ́ pé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ó ń fọ aṣọ ìsìn rẹ̀, ni ikú ti wọ inú ìkùdù náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn oúnjẹ. Ó ju ìdajì owó tí àgbẹ̀ ń ná lórí àrọ̀ tí ó ń bá oúnjẹ lọ, síbẹ̀ ẹni tí ń da oúnjẹ tí ń rì sínú omi kò mọ̀ bóyá ẹja jẹ ẹ́ tán tàbí ó wà ní ìsàlẹ̀ tí ó ń rà. Èyí tí ó bá rà a máa ba omi jẹ́. Omi tí ó bàjẹ́ a máa mú kí ẹja wá sókè láti gbé ẹnu sí afẹ́fẹ́. Àgbẹ̀ tí ó bá rí i a sì rò pé ebi ni ó ń pa wọ́n, a tún bu òmíràn dà sí i. Báyìí ni ó ṣe ń fi owó ara rẹ̀ ra ikú fún ẹja ara rẹ̀.

Irinṣẹ́ kan wà tí kò wọ́n, tí káfíńtà abúlé lè kàn láàárín ọjọ́ kan, tí yóò ṣí ojú omi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Àpótí tí kò ní ìdérí, tí a fi dígí ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀. A ó tẹ ìsàlẹ̀ onídígí náà wọ inú omi díẹ̀, a ó sì máa wo inú omi láti òkè. Kì í ṣe ohun tuntun lábẹ́ ọ̀run. Àwọn ará Gíríìsì tí ń wá kànìnkànìn inú òkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní erékùṣù Bahamas, ti ń fi korobá onídígí wo ìsàlẹ̀ òkun láti inú ọkọ̀ ojú omi wọn, kí wọ́n tó sọ ìkọ́ onígi gígùn sílẹ̀ láti fa kànìnkànìn náà tu. Àwọn apẹja Jàpáánù ní tiwọn tí wọ́n fi pákó kàn, àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa fi eyín di àpótí náà mú kí ọwọ́ wọn lè ráyè fún ọ̀kọ̀.

Kí ni ó dé tí dígí fi ń ṣe ohun tí ojú lásán kò lè ṣe? Ìdí méjì ni. Èkíní ni pé ojú omi jẹ́ dígí ìwojú. Bí a bá wò ó tààrà láti òkè, nǹkan bí ìdá 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e ni ó ń dá padà. Bí a bá sì dúró ní etí rẹ̀ tí a ń wò ó ní ìdágẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń dá padà a máa pọ̀ sí i. Ìdá 2 lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí kò rò ó, ṣùgbọ́n sánmà mọ́lẹ̀ púpọ̀púpọ̀, ẹ̀yìn àrọ̀ sì dúdú, ìsàlẹ̀ ìkùdù náà sì dúdú, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kékeré yìí tó láti bo ẹja mọ́lẹ̀. Ìdí kejì ni pé omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀, ìrù ẹja kan, omi tí ń kán láti ẹnu páìpù, gbogbo wọn ni ó ń mú kí ojú omi di òkè àti àfonífojì kéékèèké. Òkè kọ̀ọ̀kan a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀, tí ẹja kan yóò fi dàbí ègé ẹja mẹ́ta tí ń jó. Àpótí náà wo àrùn méjèèjì sàn: ògiri rẹ̀ tí a kùn ní dúdú ń dí ìmọ́lẹ̀ sánmà, dígí rẹ̀ tí ó tẹ́jú sì ń mú ojú omi dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n kan ti wà ṣáájú, tí kò yẹ kí a fi kọ́ ẹnikẹ́ni tí ń sin ẹja. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London tẹ̀ jáde ní 1774 pé òun da òróró tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ sí ojú adágún ní Clapham, omi náà sì dákẹ́ rọ́rọ́ títí dé nǹkan bí ìdajì éékà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òróró tí ó bá bo ojú omi a máa sé afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tí ń mí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é sí ìkùdù rẹ̀ yóò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n òkú ẹja ni yóò máa rí.

Fún ìkùdù ẹ̀yìnkùlé, àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 18, tó. Pákó tí ó nípọn ní ìdajì íǹṣì ni kí a lò, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó ti gbẹ dáadáa. Ọjà pákó Bódìjà kò ṣe aláìní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àjẹkù pákó tí ó wà ní ìsọ̀ káfíńtà abúlé ń ṣe é. Kí a má ṣe lo pákó tútù nítorí pé owó rẹ̀ kéré: pákó tútù a máa lọ́ nígbà tí ó bá gbẹ, bí ó bá sì lọ́, dígí ni yóò fọ́. Ìdè, èyíinì ni ìṣó onígbèéré tí a ń yí wọlé, ni kí a fi so igun rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ìṣó lásán, nítorí ìṣó lásán a máa fà jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi bá ń wú pákó tí oòrùn sì ń sún un kì. Dígí tí ó nípọn ní mìlímítà 5 ni kí agédígí gé, kí ó sì pọ́n etí rẹ̀ kí ó má bàá ya ọwọ́. Dígí fèrèsé tí ó jẹ́ mìlímítà 3 fẹ́lẹ́ jù fún ẹni tí yóò máa fi ara tì í lójoojúmọ́.

Níbi tí a ó fi dígí sí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ohun tí ó wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí òun kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú àpótí ká ní ìsàlẹ̀, kí òun sì gbé dígí lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé àwo lé orí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n omi kì í fa dígí sísàlẹ̀. Òkè ni ó ń tì í sí. Àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12, bí a bá tẹ̀ ẹ́ wọ omi ní íǹṣì 4, yóò gba ààyè omi tí ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 9, omi náà yóò sì máa fi agbára kan náà tì í padà sókè. Dígí tí ó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpótí, omi yóò máa ṣí i kúrò lórí àtè rẹ̀ ní ìgbà gbogbo tí a bá lò ó, títí ọjọ́ kan tí yóò ṣí pátápátá. Ìta, ní abẹ́ etí pákó, ni kí a lẹ dígí náà mọ́, kí agbára omi tí ìbá bà á jẹ́ lè di ohun tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀. Nígbà náà ni kí a mú irin alumíníọ̀mù onígun, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe fèrèsé ń gé sọnù, kí a fi ìdè so apá kan rẹ̀ mọ́ ara àpótí, kí apá kejì sì yí wọ abẹ́ dígí, kí ó lè gbé e dúró nígbà tí a bá fa àpótí kúrò nínú omi. Kí irin náà má ṣe pàdé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí a fi àlàfo bí ìbú ìka kan sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí yóò há sí abẹ́ dígí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Àtè tí a ń pè ní sílíkóònù ni ó dára jù fún dígí. Kí a bèèrè èyí tí a ṣe fún táǹkì ẹja, nítorí àwọn kan wà tí a ṣe fún ilé ìwẹ̀ tí wọ́n fi oògùn tí ń pa èéhù sí, oògùn náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èéhù àti ọmọ ẹja. Kí a kọ́kọ́ kun inú àpótí ní ọ̀dà dúdú tí kò ń dán, nítorí ọ̀dà tí ń dán yóò tún sọ ògiri àpótí di dígí ìwojú. Kí a kun òde rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì kí omi má bàá wọ pákó. Ṣùgbọ́n etí ìsàlẹ̀ tí dígí yóò jókòó lé, kí a má ṣe kan ọ̀dà sí i rárá, nítorí sílíkóònù di pákó mú ju bí ó ti di ọ̀dà mú lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti lẹ̀ ẹ́, kí a fi ọjọ́ méjì sílẹ̀. Òórùn bí ti ọtí kíkan tí ó máa ń rú láti ara irú sílíkóònù kan gbọ́dọ̀ tán kí a tó fi kan omi tí ẹja wà nínú rẹ̀. Kí a wá tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sí inú rẹ̀, kí a gbé òkúta lé e, kí a sì fi í sínú omi odidi wákàtí kan. Bí ìwé náà bá tutù, ibi tí ó ti tutù ni yóò sọ ibi tí àtè kò dé.

Kìlógíráàmù 9 kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè máa fi ọwọ́ tẹ̀ fún ìdajì wákàtí tí ojú rẹ̀ yóò sì tún balẹ̀. Pákó àpótí fúnra rẹ̀ yóò ru díẹ̀ nínú rẹ̀. Fún ìyókù, kí a rọ yanrìn kún ìgò oníke mẹ́rin, kí a sì so wọ́n mọ́ igun àpótí níta, ní òkè ibi tí omi dé. Kí a kan ìmú méjì sí ìhà rẹ̀, bí ti agbọ̀n ńlá. Ẹni tí kò lè rí owó káfíńtà, kí ó wá korobá onírin àtijọ́, kí ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó ku etí bí íǹṣì kan yíká, kí ó sì lẹ dígí mọ́ etí náà láti ìta. Korobá onírin ni kí ó jẹ́. Sílíkóònù kì í di korobá ike mú, àfi bí ẹni ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí a bá fẹ́ lò ó, kí a dẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wọ omi ṣáájú èkejì, kí afẹ́fẹ́ lè sá jáde, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀n ìfóòfó ni a ó máa rí. Kí a pa ẹ̀rọ tí ń fa omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí a má sì ṣe retí ohun kankan ní ojú ẹsẹ̀, nítorí ẹja yóò kọ́kọ́ sá fún òjìji tí ó bọ́ lé e lórí. Bí àpótí bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò padà, ọmọdé inú wọn ni yóò sì kọ́kọ́ dé. Nígbà tí omi bá tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì a máa sẹ̀ sí inú dígí. Ọṣẹ díẹ̀ tí a fi aṣọ gbígbẹ nù sí i, ní ẹ̀gbẹ́ inú nìkan, kò ní jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lónìí ni ó ní tẹlifóònù tí ń ya àwòrán, èyí sì ni ó sọ àpótí náà di ohun tí ó níye lórí ju ti àwọn ará Gíríìsì lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ya àwòrán abẹ́ òkun, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ William Thompson, ní Weymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1856, àpótí pákó onídígí ni òun náà lò. Ó ti kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sínú òkun. Omi wọ inú àpótí náà, síbẹ̀ àwòrán jáde. Tiwa rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òkè ni a wà, tẹlifóònù kò sì fara kan omi, bí a bá fi okùn so ó mọ́ ọwọ́.

Kí a gé pákó pẹlẹbẹ kan tí yóò bo ẹnu àpótí, kí a kùn ún ní dúdú, kí a sì lu ihò kan sí àárín rẹ̀ tí ó kàn tó ojú kámẹ́rà tẹlifóònù náà. Kí a gbé tẹlifóònù lé e, kí ojú rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ tààrà. Kí a pa iná tí ń bù yẹ̀rì, nítorí dígí yóò jù ú padà sí kámẹ́rà, àwòrán yóò sì di funfun. Kí a fi ìka tẹ ibi tí ẹja wà lórí tẹlifóònù kí ó lè mọ ohun tí a fẹ́ kí ó wò, lẹ́yìn náà kí a dúró de ẹja. Ògiri dúdú àpótí yóò hàn yí àwòrán ká, èyí kò sì burú. Ní ti àkókò, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá òwúrọ̀, tàbí mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán, ni ó dára jù. Ní ọ̀sán gangan oòrùn wà ní àtàrí, ní ilẹ̀ wa tí kò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, àpótí a sì máa sé ìmọ́lẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nínú ìkùdù tí ó wà lábẹ́ òrùlé, kí ẹnìkejì mú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ó tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti inú àpótí.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nígbà tí a bá ń wọn ẹja nínú àwòrán. Omi a máa tan ojú jẹ ní ti jíjìn: omi tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò dàbí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ìdí nìyí tí ọ̀pá tí a tì bọ omi fi dàbí èyí tí ó ṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ aláìmọ̀kan fi ń kọjá lókè ẹja. Dígí àpótí kò tún èyí ṣe. Nítorí náà, rúlà tí a ó fi wọn ẹja gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ omi níbi tí ẹja wà, kí ìtànjẹ kan náà lè bá àwọn méjèèjì. Rúlà tí a fi lé orí dígí yóò parọ́.

Kí ni a ó máa wò? Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ, nítorí níbẹ̀ ni owó wà. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a bá ti bọ́ wọn, kí a wo ìsàlẹ̀ lábẹ́ ibi tí a ti da oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ọjọ́ kejì sì ni kí a dín in kù. Àgbẹ̀ tí ó bá ya àwòrán ibi kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò mọ ìwọ̀n ikùn ẹja rẹ̀ ju ohun tí a kọ sára àpò oúnjẹ lọ.

Ní ilé ìpamọ ẹja, níbi tí ojú omi ti mọ́, ni àpótí yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹyin àrọ̀ a máa pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí omi bá ti móoru tó. Ẹyin tí ó yè a máa hàn ní àwọ̀ ewé tí ó pò mọ́ ti ilẹ̀, èyí tí ó kú a di funfun bí ìyẹ̀fun, òwú èéhù a sì hù sí i lára, a máa tàn kan èyí tí ó yè. Láti òkè, nínú àwòrán, a lè rí èyí tí ó funfun kí òwú tó bò ó, kí a sì fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni wàhálà àwọn ọmọ àrọ̀ tí ń jẹ ara wọn. Nínú ọmọ ìyá kan náà, àwọn díẹ̀ a máa sáré dàgbà ju ìyókù lọ, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn àbúrò wọn mì láti ìrù. Àgbẹ̀ a rí i pé iye wọn ń dín kù, kò sì rí òkú kan. Ọ̀pọ̀ ti bú ọmọ ọ̀dọ̀ pé ó jí ẹja tà, nígbà tí olè náà wà nínú omi tí ó ń sanra. Àwòrán kan pẹ̀lú rúlà ní ìsàlẹ̀ yóò fi àwọn tí orí wọn tóbi hàn, a ó sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àpótí náà tún lè parí ìjà ọjà. Àwọn tí ń ra ọmọ ẹja àti àwọn tí ń tà á kì í sábà fi ẹnu kò lórí iye, nítorí ẹni tí ń fi ago bù wọ́n kò lè ka ohun tí kò dúró lójú kan. Bí a bá da wọ́n sínú bàsíà funfun tí omi rẹ̀ kò jìn ju íǹṣì kan tàbí méjì lọ, tí a sì ya wọ́n láti òkè, a lè fa ìlà sí àwòrán náà lórí tẹlifóònù, kí oníṣòwò àti oníbàárà sì jọ kà á ní ojúlé dé ojúlé.

Nípa àìsàn, ohun tí àpótí lè fi hàn ni èyí tí ó wà ní ara ẹja: egbò pupa, òwú funfun, àmì funfun wẹ́wẹ́ bí iyọ̀, ikùn tí ó wú, orí tí ó sán, èyí tí àìtó fítámì C nínú oúnjẹ máa ń fà fún àrọ̀, àti ẹja tí ń yí po bí ẹni tí ó mu ọtí. Kí a má ṣe fi àwòrán nìkan pe orúkọ àrùn, kí a sì sáré lọ ra oògùn lójú pópó. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti ìwòsàn ẹran sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwòrán tí ó mọ́, tí a kọ ọjọ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìtàn bí omi ti rí àti ohun tí ẹja jẹ, ni yóò jẹ́ kí onímọ̀ mọ ohun tí yóò bèèrè, dípò ‘Ẹja mi ń kú’ tí ọ̀pọ̀ ń sọ lórí tẹlifóònù.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ibi tí agbára àpótí náà pin sí. Kò lè sọ omi dídọ̀tí di mímọ́. Nínú ìkùdù àrọ̀ ńlá tí a kò tíì pààrọ̀ omi rẹ̀, tí ó dàbí ọbẹ̀ ewédú, ìbú ọwọ́ kan ni a ó rí, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Kí a dúró di ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ omi. Fún adágún epìyà, tí ó yẹ kí omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ohun tí yóò tọ́ wa sọ́nà ni àwo funfun Secchi. Angelo Secchi jẹ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà àti onímọ̀ ìràwọ̀ ní Róòmù. Ní 1865 ó wọ ọkọ̀ òkun Póòpù, ó sì ń sọ àwo funfun sínú Òkun Àárín Gbùngbùn ayé láti mọ ibi tí ojú yóò pàdánù rẹ̀ dé. Ẹni tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní wíwo òkè ni ó kọ́ wa bí a ti ń wo ìsàlẹ̀. Kí a so àwo tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 8 mọ́ okùn, kí a sọ ọ́ sínú adágún títí a kò fi ní rí i mọ́. Bí ó bá pòórá ní àárín íǹṣì 12 sí 18, omi náà dára fún epìyà. Bí ó bá pòórá kí ó tó dé íǹṣì 8 nítorí ewé omi tí ó pọ̀ jù, ewu wà ní ìdájí, nítorí àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà a máa mí ní òru, wọn a sì lo afẹ́fẹ́ inú omi tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àrọ̀ lè gun òkè wá mí afẹ́fẹ́ òde, nítorí a dá a pẹ̀lú ẹ̀yà ara tí ó lè ṣe é. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlera ẹni tí ń wo omi náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan, láti rí ẹja wọn, a máa ká ṣòkòtò wọ inú adágún tàbí odò. Nínú omi tí ó dúró, tí ìgbín omi kékeré ń gbé inú koríko rẹ̀, ni a ti ń kó àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀: kòkòrò rẹ̀ a máa jáde lára ìgbín, a sì gba awọ ara ènìyàn wọlé láìjẹ́ pé ó dun ni. Lẹ́yìn tí a dí odò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn tán ní 1983, àrùn yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn apẹja àti àwọn ọmọ wọn ní etí adágún tuntun náà. Adágún Elẹ́yẹlé, tí a dí odò Ọnà láti ṣe ní 1942, àti ti Aṣéjìre lórí odò Ọ̀ṣun, omi tí ó dúró ni àwọn náà. Inú ọkọ̀ tàbí orí afárá pákó ni kí a ti lo àpótí wa níbẹ̀, kì í ṣe inú omi. Àwọn àgbàlagbà rántí sòbìà, tí ó máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò ìkórè, nítorí pé ẹlẹ́gbò ń ti ẹsẹ̀ bọ omi tí gbogbo abúlé ń mu. Ní 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Láàárín àwọn ohun tí ó lé e lọ ni kànga ẹlẹ́rọ, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, àti kíkọ̀ kí ẹlẹ́gbò má ṣe wọ inú omi.

Bí àgbẹ̀ kan bá ní àpótí yìí ní abúlé, kò ní pẹ́ kí aládùúgbò tó wá yá a, ó sì yẹ kí a yá a, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Àrùn ẹja a máa bá omi tí ó lẹ̀ mọ́ pákó rìn láti ìkùdù kan dé èkejì. Kí ẹni tí ó yá a fọ̀ ọ́ kí ó tó dá a padà, kí ó sì fi í sí oòrùn ní odidi ọjọ́ kan, kí inú igun irin alumíníọ̀mù náà gbẹ dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni omi ti ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí a kò bá lò ó, kí a dojú rẹ̀ dé sórí pẹpẹ, kí dígí wà lókè, kí adìẹ má sì ráyè bà lé e.